Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Widget Ẹlòmíì Lórí Ìkànnì Tí Ẹ Fọwọ́ Ara Yín Yà

Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kóòdù ló ń ya ìkànnì fúnra wọn báyìí pẹ̀lú sọ́fítíwià bíi Webflow, Wix, Framer tàbí Canva. Ìkànnì náà á dára lójú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí wọ́n á fi fẹ́ kí ó ṣe ohun tí sọ́fítíwià náà kò mọ̀ ọ́n ṣe: kí ó fi máàpù hàn, kí ó gba owó, kí ó jẹ́ kí oníbàárà lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni widget ti ń wọ̀ ọ́. Widget ni ohun èlò kékeré tí iléeṣẹ́ mìíràn ṣe, tó ń gbé lórí server (kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì) tiwọn, tí a kàn ń fi kóòdù kúkúrú pè wá sórí ojú ewé tiwa. Lẹ́tà tó dé lórí ọ̀rọ̀ yìí lóṣù yìí pọ̀. A dáhùn márùn-ún nínú wọn níhìn-ín.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi fi Webflow ya ìkànnì kan. Mo fẹ́ kí máàpù ìsọ̀ mi wà níbẹ̀, kí àwọn èèyàn lè bá mi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, kí àwòrán tí mo bá gbé sí Instagram sì máa hàn níbẹ̀ fúnra rẹ̀. A rí widget kan tó ń ṣe ti WhatsApp, a da kóòdù rẹ̀ kọ, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé, ṣùgbọ́n àpótí eérú kan ṣoṣo ni a rí. Kí ni a ṣe tí kò dáa? — Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Aládìrẹ wa, ẹ kú ọjà o, ajé á bá yín jókòó. Kò sí ohun tí ẹ ṣe tí kò dáa. Nígbà tí ẹ bá ṣì ń ya ojú ewé lọ́wọ́, Webflow kì í jẹ́ kí kóòdù tó jẹ́ script ṣiṣẹ́. Àpótí eérú yẹn ló máa ń fi sí ipò rẹ̀ títí ẹ ó fi gbé ìkànnì náà jáde. Ẹ gbé e jáde sórí àdírẹ́sì ọ̀fẹ́ tó parí sí webflow.io, kí ẹ sì fi fóònù ṣí i, nítorí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà yín yóò ti bá a pàdé. Bí ó bá hàn níbẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ojú ewé yìí mọ̀ dájú, torí pé òun ni gbogbo ìdáhùn tó kù dúró lé. Ọ̀nà méjì ni widget ń gbà wọ ìkànnì. Èkíní ni iframe: ó ń ya àyè kan sọ́tọ̀ lórí ojú ewé yín, ó sì ń ṣí ojú ewé ẹlòmíì sínú àyè náà, browser (ohun tí a fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome) kì í sì í jẹ́ kí ohun tó wà nínú àyè yẹn ka ohun tó wà lóde rẹ̀. Èkejì ni script. Òun kì í dúró sójú kan. Ara ojú ewé yín gan-an ló ń dà, ó lè ka ohun tí àlejò ń tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ó lè yí ohun tí ẹ kọ padà, ó sì lè pe script mìíràn wá láìbi yín. Àlejò tí a gbà sí pálọ̀, tí a sì ti ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù, ni ti àkọ́kọ́. Ẹni tí a kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́ ni ti ìkejì. Nítorí náà, ẹ wo kóòdù tí wọ́n bá fún yín dáadáa kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú <iframe, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀, bí ẹ bá rí <script nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ín.

Ti máàpù rọrùn, iframe sì ni. Ẹ wá ìsọ̀ yín lórí Google Maps lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Share, ẹ tẹ Embed a map, ẹ da kóòdù tó bá jáde kọ. Ẹ ó rí width="600" àti height="450" nínú rẹ̀. 600 yẹn fẹ̀ ju ojú fóònù lọ, òun ló sì máa ń jẹ́ kí ojú ewé máa sún sọ́tùn-ún sósì lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ 100% sí ipò rẹ̀, kí ẹ sì fi height sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ ó tún rí loading="lazy" nínú kóòdù kan náà. Ẹ má yọ ọ́, torí òun ni kì í jẹ́ kí máàpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ dátà àlejò yín títí tí onítọ̀hún yóò fi yí ojú ewé dé ìtòsí ibi tó wà.

Ti WhatsApp, ẹ yọ widget yẹn kúrò. Ẹ kò nílò rẹ̀. WhatsApp fúnra rẹ̀ ní líǹkì tí kò ní script kankan nínú. Ẹ kọ https://wa.me/ kí ẹ kọ 234 tẹ̀ lé e, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà fóònù yín láìsí òdo tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láìsí àmì ìròpọ̀, láìsí àlàfo. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú àpótí kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀, ẹ fi ?text= sí ìparí, kí ẹ sì fi %20 sí ipò àlàfo kọ̀ọ̀kan, bíi ?text=Mo%20fẹ́%20ra%20àdìrẹ. Kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wá ya bọ́tìnì kan nínú Webflow, ní àwọ̀ aró bí ẹ bá fẹ́, kí ó fún un ní líǹkì yẹn, kí ó sì sọ position rẹ̀ di fixed, kí ó lè máa dúró sí igun ìsàlẹ̀ bí ojú ewé ṣe ń yí. Yóò ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí widget náà ṣe, kò sì ní sí iléeṣẹ́ kankan láàárín yín àti oníbàárà yín bí kò ṣe WhatsApp nìkan.

Ti Instagram ni mo fẹ́ rọ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Iléeṣẹ́ tó ṣe irú widget bẹ́ẹ̀ ló máa ń bá Instagram sọ̀rọ̀ fún yín, nípasẹ̀ ọ̀nà tí Instagram là sílẹ̀ fún wọn, Instagram sì ti dí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 2020, ó ti èyí tó pẹ́ jù pa. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó tún ti èyí tí àwọn àkáǹtì àdáni ń lò pa. Widget tó gbẹ́kẹ̀ lé wọn, tí ẹni tó ṣe é kò sì tètè tún ṣe, di àyè òfìfo lórí ìkànnì àwọn tó fi wọ́n síbẹ̀. Àwòrán àdìrẹ yín níye lórí ju kí ìpinnu ẹlòmíì lè pa á rẹ́ lọ. Ẹ yan èyí tó dára jù nínú wọn, àwọn tí ọnà ara aṣọ ti hàn kedere, ẹ gbé wọn sórí ojú ewé bí àwòrán lásán, kí ẹ sì fi líǹkì sábẹ́ wọn fún ẹni tó bá fẹ́ wo ìyókù lórí Instagram. Nígbà tí ọjà tuntun bá wọlé, ẹ pààrọ̀ wọn.

ÌBÉÈRÈ

A ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé kan ní Peckham, ní London, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Yorùbá. Adobe Muse ni a fi ya ìkànnì wa, a sì ra oríṣiríṣi widget sí i nígbà náà. Báyìí, bọ́tìnì AddThis tí àwọn òbí fi ń pín ìròyìn wa kò ṣiṣẹ́ mọ́, àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Facebook ti pòórá, máàpù sì ti ṣókùnkùn. Ẹni tó ta àwọn widget náà fún wa kò dáhùn lẹ́tà mọ́. Ṣé a lè tún un ṣe? — Olùkọ́ àgbà, London

ÌDÁHÙN

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun lórí èdè wa. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2018 ni Adobe ti ṣíwọ́ fífi ohun tuntun kún Muse, nígbà tó sì di ọjọ́ kan náà ní ọdún 2020, wọ́n dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ lórí rẹ̀ dúró. Ìyẹn nìkan kò pa ìkànnì yín. Ojú ewé tí Muse ti kọ jáde jẹ́ HTML (kóòdù tó to ojú ewé), CSS (kóòdù ìrísí rẹ̀) àti àwòrán lásán, browser òní ṣì ń kà wọ́n. Ohun tó ń kú lára irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń pe ẹlòmíì wá láti òde.

Oracle, tó ni AddThis, ti í pa ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Meta, tó ni Facebook, náà mú àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ Facebook fún àwọn ìkànnì kúrò ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Kò sí ẹni tó lè tún méjèèjì ṣe, ì báà jẹ́ ẹni tó tà wọ́n fún yín, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pè kò sí mọ́. Ti máàpù yàtọ̀. Láti ọdún 2018 ni Google ti ń béèrè pé kí máàpù tí a bá fi script gbé wá ní key tirẹ̀ (àmì tí Google fi ń dá ẹni tó ń lò ó mọ̀) àti àkáǹtì tí a so káàdì ìsanwó mọ́; èyí tí kò bá ní in á ṣókùnkùn, wọ́n á sì kọ "For development purposes only" sí i lára káàkiri. Ẹ yọ widget máàpù yẹn, kí ẹ fi iframe tí mo ṣàlàyé fún aládìrẹ wa sí ipò rẹ̀. Ìyẹn kò gba key, kò sì gba owó.

Bí kọ̀ǹpútà kan bá wà lọ́wọ́ yín tí Muse ṣì ń ṣí lórí rẹ̀, ẹ pa àwọn widget náà rẹ́ nínú fáìlì rẹ̀, ẹ lo Object, lẹ́yìn náà Insert HTML, láti fi iframe máàpù síbẹ̀, kí ẹ sì kọ ìkànnì náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá sí, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì tó wà lórí server pamọ́, ẹ wá fi ètò ìtẹ̀wé lásán ṣí àwọn ojú ewé HTML, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà addthis àti fb-customerchat nínú wọn, kí ẹ sì yọ kóòdù tó yí wọn ká. Ẹ kíyè sí èyí: ọ̀nà kan ni kí ẹ tọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ tún HTML ṣe, tó sì tún padà kọ ìkànnì jáde láti inú Muse lọ́jọ́ mìíràn, gbogbo àtúnṣe ọwọ́ rẹ̀ yóò pa rẹ́.

Bí bọ́tìnì Like ti Facebook bá ṣì wà lórí ojú ewé kankan, mo fẹ́ kí ẹ yọ òun náà, ì báà ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ Yúróòpù dájọ́ lórí Fashion ID, iléeṣẹ́ aláṣọ kan ní Jámánì tó fi bọ́tìnì yẹn sórí ìkànnì rẹ̀. Bọ́tìnì náà ń fi ìsọfúnni nípa àlejò ránṣẹ́ sí Facebook ní kété tí ojú ewé bá ṣí, ì báà ṣe pé onítọ̀hún tẹ̀ ẹ́ tàbí kò tẹ̀ ẹ́, ì báà ní àkáǹtì Facebook tàbí kò ní. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó ni ìkànnì pín nínú ojúṣe gbígba ìsọfúnni náà àti fífi í ránṣẹ́. Ọmọdé ló ń ṣí ìkànnì tiyín. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ orúkọ àwọn ojú ewé tí wọ́n ń kà sílẹ̀ nítorí bọ́tìnì tí ẹ kò lò.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra àtikúrò lórí Muse. Adobe kò ṣe ọ̀nà tí a lè gbà sọ fáìlì Muse di ti sọ́fítíwià mìíràn, nítorí náà ẹ ó tún ìkànnì náà yà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti àwòrán yín ṣì wà níbẹ̀ fún yín láti kó.

ÌBÉÈRÈ

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí ní Òṣogbo. Ìkànnì wa ní ojú ewé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé wo owó ìfipamọ́ wọn. Alága wa fẹ́ kí a fi widget kan tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún àwọn àgbàlagbà tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, pẹ̀lú àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan, sórí gbogbo ojú ewé. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ṣé ó léwu? — Akọ̀wé, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Akọ̀wé wa, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé e síbẹ̀. Ó léwu, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí han alága wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2018, àwọn kan wọ inú server iléeṣẹ́ Texthelp, tó ṣe widget ìkàwé-sókè tí à ń pè ní Browsealoud, wọ́n sì fi kóòdù tiwọn kún fáìlì rẹ̀. Ó lé ní 4,000 ìkànnì tó ń pe fáìlì kan ṣoṣo yẹn. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó ṣí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún àwọn olè náà láti fi wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Monero. Ìkànnì ICO, àjọ tó ń rí sí ààbò ìsọfúnni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára wọn. Kò sí ẹni tó já wọ ìkànnì àjọ náà. Ibi tí wọ́n ti yá ohun èlò ni ọ̀tá gbà wọlé.

Ti àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ticketmaster, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì eré, fi àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí iléeṣẹ́ Inbenta ṣe sórí ojú ewé tí àwọn èèyàn ti ń sanwó. Ní ọdún 2018, àwọn olè yí script Inbenta padà, ó sì ń ka nọ́ńbà káàdì báńkì bí àwọn oníbàárà ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mílíọ̀nù 9.4 oníbàárà ní Yúróòpù ni ọ̀rọ̀ náà lè ti kàn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ICO bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 1.25 pọ́n-ùn lé Ticketmaster, kì í ṣe lé Inbenta. Inbenta ti sọ pé àwọn kò mọ̀ pé Ticketmaster fi script náà sí ojú ewé ìsanwó, pé àwọn ì bá ti kìlọ̀ fún wọn.

Ẹ tún wo èyí, torí òun ló yẹ kó ba ẹni tó fẹ́ràn ọ̀fẹ́ lẹ́rù jù. Polyfill.io jẹ́ script ọ̀fẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ìkànnì fọkàn tán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n ta orúkọ ìkànnì rẹ̀ fún iléeṣẹ́ mìíràn. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, wọ́n rí i pé script náà ti ń darí àwọn tó ń lo fóònù lọ sí ìkànnì ẹlẹ́tàn, ó sì ju 100,000 ìkànnì lọ tó ń pè é. Ẹni tó fi í síbẹ̀ kò ṣe ohunkóhun tuntun. Olówó rẹ̀ ló yí padà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn tèmi le díẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí script ẹlòmíì kankan lórí ojú ewé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, tàbí èyí tí wọ́n ti ń rí owó wọn. Sọ́fítíwià ìyàkànnì sábà máa ń ní ibi méjì tí a lè lẹ kóòdù sí, ọ̀kan fún gbogbo ìkànnì, èkejì fún ojú ewé kan ṣoṣo. Ẹ má fi ohunkóhun sí ti gbogbo ìkànnì. Èyí tí mo fẹ́ jù ni kí ojú ewé ìwọlé ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ ìkànnì yín, kí ó dá wà, láìsí máàpù, láìsí àwòrán Instagram, láìsí ohun èlò kíka iye àlejò. Bí ẹ bá rí script kan tó pọn dandan lórí ojú ewé mìíràn, tí fáìlì rẹ̀ kì í sì í yí padà, kí ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ fi àmì integrity sínú kóòdù náà pẹ̀lú iye sha384 rẹ̀, ìyẹn àmì tí a ṣírò láti inú fáìlì náà gan-an. Browser yóò fi fáìlì tó bá dé wé iye yẹn, bí lẹ́tà kan péré bá ti yàtọ̀, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àpótí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kò gba irú àmì bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn tó ṣe é ń yí i padà nígbà gbogbo. Líǹkì WhatsApp tàbí nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì tó fún iṣẹ́ yẹn.

Ti àwọn àgbà wa, èrò alága dára, ọ̀nà mìíràn sì wà láti ṣe é. Ẹ sọ lẹ́tà ojú ewé di ńlá, ẹ kọ ọ̀rọ̀ dúdú sórí funfun, ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ sáàárín ìlà, kí bọ́tìnì sì tóbi tó ìka ọwọ́. Fóònù Android àti iPhone ti ní ohun tó ń sọ lẹ́tà di ńlá, tó sì ń ka ojú ewé sókè nínú wọn. Ẹ lè fi ìpàdé ẹgbẹ́ kan kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tan án.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti òfin kún un. Òfin Ààbò Ìsọfúnni Nàìjíríà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 gbé ojúṣe lé ẹni tó pinnu ìdí àti ọ̀nà tí a fi ń gba ìsọfúnni àwọn èèyàn, kódà bó jẹ́ iléeṣẹ́ mìíràn ló ń bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ yín nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ

Ìwé ọmọdé ni mò ń tà ní Àkúrẹ́. Framer ni mo fi ya ìkànnì mi, mo sì fẹ́ fi bọ́tìnì Paystack sí i. Mo rí kóòdù kan, mo fi key tó wà nínú àkáǹtì mi sí i, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_live. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ bọ́tìnì náà kò ṣí. — Òǹtàwé, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN

Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ lọ yọ key yẹn kúrò lórí ìkànnì. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ àkáǹtì Paystack yín, ẹ lọ sí Settings, sí apá API Keys, kí ẹ sì gba secret key tuntun, kí ti àtijọ́ lè kú. Yíyọ ọ́ nìkan kò tó, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìkànnì yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan yẹn lè ti rí i. Sk dúró fún secret key: ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè wo gbogbo ìdúnàádúrà yín, ó sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó padà fún ẹni tó ti rajà. Ẹ wo àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà fínnífínní.

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pk (public key, tí gbogbo ayé lè rí) ló yẹ lórí ojú ewé, ìdí sì nìyẹn tí bọ́tìnì yín kò fi ṣí. Ẹ kọ́kọ́ fi pk_test dán an wò kí ẹ tó lo pk_live. Kọ́bọ̀ ni Paystack ń ka owó sí, kì í ṣe náírà, nítorí náà ìwé tí iye rẹ̀ jẹ́ ₦5,000 ni ẹ ó kọ 500000 fún. Ẹni tó bá kọ 5000 ń ta ìwé rẹ̀ ní àádọ́ta náírà. Ẹ tún mọ̀ pé orí browser oníbàárà ni iye tó wà nínú kóòdù yẹn ń gbé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe sì lè yí i padà kí ó tó sanwó. Òǹtàwé tí kò ní server tirẹ̀, tí yóò máa yẹ owó wò kí ó tó fi ìwé ránṣẹ́, á dára kó jáwọ́ nínú script yìí. Inú àkáǹtì Paystack kan náà ni ẹ ti lè ṣe Payment Page fún ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ iye rẹ̀ síbẹ̀ ní pàtó, kí wọ́n fún yín ní líǹkì, kí ẹ sì so líǹkì yẹn mọ́ bọ́tìnì tí ẹ yà ní Framer.

ÌBÉÈRÈ

Oríkì àti àlọ́ ni mò ń kó jọ sórí ìkànnì mi ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin. Àmì ohùn dúró dáadáa lórí ojú ewé fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú widget tí àwọn òǹkàwé ti ń kọ èrò wọn, àmì náà ń yẹ̀ kúrò lórí ẹ àti ọ, ó ń já sí ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tó ń kọ ɛ àti ɔ bí a ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ wa. Mo ti yí fọ́ńtì ìkànnì mi padà, kò yí ohunkóhun. — Olùkójọ oríkì, Àjàṣẹ́

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Inú iframe ni widget yín wà, fọ́ńtì ìkànnì yín kò sì lè wọ ibẹ̀. Tirẹ̀ ni ó ń lò. Ìdí tí é fi ń dúró, tí ẹ́ kì í fi í dúró, ni pé kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún é, torí pé èdè Faransé nílò rẹ̀. Kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún ẹ́ tàbí ɛ́. Méjì ni wọ́n: lẹ́tà fúnra rẹ̀, àti àmì tí fọ́ńtì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé e lé. Fọ́ńtì tí kò bá ní àmì náà, browser á lọ yá a nínú fọ́ńtì mìíràn, ibẹ̀ ni yóò ti ṣì gbé e.

Ẹ wo àtòpọ̀ widget náà bóyá ó gbà kí ẹ yan fọ́ńtì. Noto Sans àti Noto Serif mọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹ̀kọ́ àti ɛ̀kɔ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó lórí Android àti lórí iPhone, nítorí pé fọ́ńtì tí wọ́n ń yá kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bí kò bá gbà, èmi yóò yọ ọ́. Sọ́fítíwià tí ẹ fi ya ìkànnì ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé fi èrò rẹ̀ ránṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ kà á, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín gbé èyí tó yẹ sábẹ́ oríkì náà, nínú fọ́ńtì tiyín. Fún àkójọ oríkì ìdílé, níbi tí ìdílé mìíràn ti lè fẹ́ jiyàn tàbí ṣàtúnṣe, kíkà á ṣáájú dára ju kí ọ̀rọ̀ já lu gbangba lọ. Ẹ kọ yo sí ibi tí sọ́fítíwià náà ti ń béèrè èdè ojú ewé. Bí ẹ bá sì ń gbé ọ̀rọ̀ wọn wọlé, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di NFC, ìyẹn ìlànà kan ṣoṣo fún títo lẹ́tà àti àmì rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé bọ́tìnì ìtẹ̀wé fóònù kan máa ń to àmì abẹ́ lẹ́tà àti àmì ohùn yàtọ̀ sí òmíràn, ẹni tó bá sì wá "ọ̀kọ̀" lórí ìkànnì yín lè má rí èyí tí wọ́n tò lọ́nà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni méjèèjì rí lójú.